Wákàtí kan lọ́sẹ̀: bí oníjùdò tí kò ráyè ṣe lè fi ẹ̀ṣẹ́ kún ìjà rẹ̀

Lọ́jọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì, láti aago mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́jọ ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, orí ẹní jùdò lẹ ti máa bá mi. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ orí Third Mainland ló ń jẹ ìrọ̀lẹ́ mi tán. Sátidé ní òde àríyá, Sọ́ńdè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Níbo lèèyàn ti fẹ́ ráyè kọ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn nínú irú ọ̀sẹ̀ yìí?

Mo gbé ìbéèrè náà tọ bàbá kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀ṣẹ́ ní Yaba lọ. Bàbá wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní, “Wákàtí mélòó lẹ lè yọ sílẹ̀ lọ́sẹ̀?” Mo ní, “Ẹyọ kan, sà.” Ó ní, “Ó tó. Àmọ́ ẹ̀ṣẹ́ méjì péré lẹ máa kọ́. Ẹ ò sì gbọdọ̀ béèrè ẹ̀kẹta lọ́wọ́ mi títí màá fi sọ pé ó yá.” Mo rò pé ó ń ṣẹ̀fẹ̀ ni. Kò ṣẹ̀fẹ̀ o.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ní ìjà kan tẹ́ ẹ ń ṣe, bóyá jùdò, ìjàkadì tàbí jiu-jitsu, ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ di abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò, tó fẹ́ wọ inú okùn lọ bá ẹlòmíì jà, wákàtí kan lọ́sẹ̀ kò lè ṣe nǹkan kan fún un. Ohun tí wákàtí kan lè ṣe ni pé kẹ́ ẹ má máa dijú mọ́ tí ẹ̀ṣẹ́ bá ń bọ̀, kẹ́ ẹ lè fi ẹ̀ṣẹ́ la ọ̀nà tí ọwọ́ yín máa gbà dé ọrùn aṣọ ẹni tó wà níwájú yín, kẹ́ ẹ sì lè kan ẹ̀ṣẹ́ láì ṣẹ́ ara yín lọ́wọ́. Fún oníjùdò, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Nígbà tí Jigoro Kano dá jùdò sílẹ̀ ní Tokyo lọ́dún 1882, kò yọ ẹ̀ṣẹ́ kúrò níbẹ̀ pátápátá. Atemi-waza ni wọ́n ń pè é, ó sì wà nínú kata, ìyẹn àwọn ìgbésẹ̀ tí wọ́n ti tò sílẹ̀ tí ẹni méjì jọ ń ṣe, títí dòní. Ṣùgbọ́n nínú randori, ìyẹn ìjà ìdánrawò, àti nínú ìdíje, èèwọ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ti gba bẹ́líìtì dúdú fi lè dúró síwájú ọmọ tó kọ́ ẹ̀ṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà péré, kó máa wò pàkò.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ ọ̀sẹ̀ yín sílẹ̀

Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, ẹ má kọ ọ́ bó ṣe wù yín kó rí. Ẹ kọ aago tẹ́ ẹ sùn, aago tẹ́ ẹ jí, àti aago tẹ́ ẹ wọlé láti ibi iṣẹ́. Ẹ wá wo àlàfo tí ẹ ò lò fún nǹkan kan. Nígbà tí mo kọ tèmi, mo rí i pé ní gbogbo Ọjọ́rú ni mo máa ń tètè dé dójò, ilé tá a ti ń ṣe jùdò, tí màá wá jókòó síbẹ̀ máa tẹ fóònù títí àwọn yòókù á fi dé. Mo rí i pé ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn ọmọ kì í jí kó tó di aago mẹ́fà. Mo sì rí i pé kò sí òde àríyá Sátidé kankan tó ń bẹ̀rẹ̀ ní aago méje àárọ̀, ohun yòówù kí wọ́n kọ sínú káàdì ìpè.

Ẹ jẹ́ kí ráùndì jẹ́ òṣùwọ̀n yín. Bíi ti àwọn amatọ̀, ìyẹn àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́ tí kì í fi ìjà ṣiṣẹ́ jẹun, ráùndì kan jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta, ìsinmi ìṣẹ́jú kan sì ń tẹ̀ lé e. Ráùndì márùn-ún pẹ̀lú ìsinmi àárín wọn jẹ́ ìṣẹ́jú 19. Ìyẹn ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun mi. Ráùndì mẹ́ta jẹ́ ìṣẹ́jú 11. Ìyẹn ni Ọjọ́rú kí jùdò tó bẹ̀rẹ̀. Ráùndì méje jẹ́ ìṣẹ́jú 27. Ìyẹn ni Sátidé. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 57.

Ẹ fi ẹ̀ṣẹ́ ṣáájú jùdò, ẹ má fi sẹ́yìn rẹ̀. Àṣìṣe tí mo kọ́kọ́ ṣe nìyẹn. Lẹ́yìn wákàtí méjì tẹ́ ẹ ti ń fa aṣọ ara yín, apá ti wúwo, ìka ti ń ro, ọwọ́ tó yẹ kó máa dáàbò bo àgbọ̀n á máa rọra já bọ̀ wálẹ̀. Ẹ ó wá rò pé ẹ̀ṣẹ́ lẹ ń kọ́, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ jíjá lẹ ń kọ́. Ara kì í bi yín bóyá ohun tẹ́ ẹ ń tún ṣe yẹn dáa. Ohun tẹ́ ẹ bá tún ṣe ló máa ń gbà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ̀ṣẹ́ méjì, kò gbọdọ̀ lé

Ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ iwájú, tí gbogbo ayé ń pè ní jáàbù, àti ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀yìn tó ń lọ tààrà. Ó parí.

Ẹni tó bá rò pé méjì kéré, kó lọ wo dambe àwọn Hausa. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi aṣọ àti okùn dì, òun ni ọ̀kọ̀. Ọwọ́ kejì ń nà síwájú bí asà. Ráùndì mẹ́ta ni, ẹni tí ọwọ́, orúnkún tàbí ara rẹ̀ bá sì ti kan ilẹ̀ ti fìdí rẹmi. Àwọn alápatà ló gbé e dàgbà, àwọn èèyàn sì ti fi ọwọ́ kan yẹn di olókìkí láti ìlú dé ìlú. Ẹ tún wo Kamaru Usman, ọmọ Auchi tó dàgbà sí Amẹ́ríkà. Oníjàkadì ni kó tó bọ́ sínú ìjà àdàlù (MMA), níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀ṣẹ́, ìpá àti ìjàkadì jà. Ó gba ife ìjàkadì Division II, ìpele kejì ìdíje àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, lọ́dún 2010. Ní February 2021 tó ń gbèjà bẹ́líìtì rẹ̀ ní UFC, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣètò ìjà àdàlù, jáàbù ló fi gbé Gilbert Burns ṣubú níbẹ̀rẹ̀ ráùndì kẹta, ìjà sì parí síbẹ̀. Jáàbù lásán, tí wọ́n máa ń kọ́ ọmọdé lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ju jáàbù rèé. Ẹ ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, kí ẹsẹ̀ iwájú sún díẹ̀. Kí ọwọ́ lọ tààrà láti ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ìgúnpá má yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí apá adìyẹ. Bó bá ti fẹ́ dé ibi tó ń lọ, ẹ yí ìkúùkù kí àtẹ́lẹwọ́ dojú kọ ilẹ̀, kí èjìká gòkè wá bo àgbọ̀n. Kó wá gba ọ̀nà tó gbà lọ padà wálé. Ìpadàbọ̀ yẹn gan-an lẹ máa fi gbogbo oṣù àkọ́kọ́ kọ́. Ẹ̀ṣẹ́ ẹ̀yìn rọrùn fún oníjùdò ju bó ṣe rò lọ, torí ìbàdí ló ń gbé e. Gìgísẹ̀ ẹ̀yìn á gbéra, ìbàdí á yí, èjìká á tẹ̀ lé e, ọwọ́ ló máa dé kẹ́yìn. Ẹni tó mọ bí ìbàdí ṣe ń wọlé nínú seoi-nage, ìyẹn gbígbé èèyàn gba èjìká ṣánlẹ̀, ti ní ìdajì rẹ̀ lára.

Ẹ máa béèrè nípa ìpá. Ẹ fi í sílẹ̀. Ó ń fẹ́ àkókò púpọ̀ kí ojúgun tó le, kí itan tó là, tẹ́ ẹ bá sì fi ojúgun gbá orúnkún ẹnìkan lójijì, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ má lè tẹ ẹsẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀ dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó ṣe tán, oníjùdò ti ń fi ẹsẹ̀ gbá èèyàn lẹ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹsẹ̀ wo ló máa wà níwájú?

Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti le jù, ó sì yà mí lẹ́nu pé àwọn èèyàn kì í sábàá mẹ́nu bà á. Oníjùdò tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún di ọrùn aṣọ mú, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ló máa ń wà níwájú. Tó bá dé ọ̀dọ̀ kóòṣì ẹ̀ṣẹ́, kóòṣì á ní, ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni ẹ́, gbé ẹsẹ̀ òsì síwájú, kí ọwọ́ tó lágbára wà lẹ́yìn. Òótọ́ kóòṣì ni, fún ẹni tí ẹ̀ṣẹ́ nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ẹ ju ẹ̀ṣẹ́ méjì pẹ̀lú ẹsẹ̀ òsì níwájú, ẹ sún mọ́ ọn, ẹ fẹ́ di aṣọ mú, ẹ wá ní láti pààrọ̀ ẹsẹ̀. Ní ìṣẹ́jú àáyá tí ẹsẹ̀ méjèèjì bá wà lójú ìlà kan náà yẹn, ọmọdé lè fi ẹsẹ̀ gbá yín lulẹ̀.

Èmi gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, mo sì fi í síbẹ̀. Mo pàdánù agbára ọwọ́ ọ̀tún láti ẹ̀yìn, òótọ́ ni. Ohun tí mo rí gbà ni pé ọwọ́ tó gbọ́n jù lára mi ló ń ju jáàbù, ọwọ́ kan náà ló sì ń ṣí láti di ọrùn aṣọ mú láì sí pé ẹsẹ̀ kankan kúrò níbi tó wà. Èmi kọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni Oscar De La Hoya, ọwọ́ òsì yẹn ló sì gbé síwájú, òun náà ni àwọn tó bá a jà ń sá fún. Bàbá Yaba ò kọ́kọ́ gbà. A bá ara wa fà á fún bí oṣù kan, títí dọjọ́ tó ní kí n ṣe é hàn òun lára ọmọ kan: jáàbù, ọwọ́ ṣí, ọrùn aṣọ, o-soto-gari, ìyẹn fífi ẹsẹ̀ gbá ẹsẹ̀ ẹni láti ẹ̀yìn. Ó mi orí, ó ní, “Ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá jùdò.”

Nítorí náà, ẹsẹ̀ tí ìjà tẹ́ ẹ ti mọ̀ bá gbé síwájú ni kẹ́ ẹ gbé síwájú. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan sílẹ̀, kí ẹsẹ̀ iwájú wà lápá kan ìlà, kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wà lápá kejì. Tẹ́ ẹ bá rìn síwájú-sẹ́yìn tí ẹsẹ̀ méjèèjì bá bọ́ sórí ìlà, ẹ dúró, ẹ tún un tò.

Àgbọ̀n tún kù. Àwa oníjùdò máa ń gbé orí sókè gan-gan, a sì máa ń na ọwọ́ síwájú, ọwọ́ lílà. Fún ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́, ìyẹn dà bí ìgbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn sílẹ̀. Ẹ ká tóẹ̀lì kékeré sábẹ́ àgbọ̀n tẹ́ ẹ bá ń dá ṣeré. Tó bá já bọ́, ẹ ti gbórí sókè nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ tọ́jú ọwọ́

Ọwọ́ ni oníjùdò fi ń jẹun. Tí ọrùn-ọwọ́ bá ti rọ́, kò sí aṣọ dídìmú, kò sí jùdò. Mo mọ̀ nítorí ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo rọ yanrìn kún àpò ajílẹ̀, mo so ó kọ́ sẹ́yìnkùlé, mo ń yangàn. Yanrìn máa ń wọ̀ lọ sísàlẹ̀ ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìsàlẹ̀ àpò ti le bíi búlọ́ọ̀kù. Mo ju ẹ̀ṣẹ́ ẹ̀yìn sí i lárọ̀ọ́ Sátidé kan, ọrùn-ọwọ́ sì tẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mi ò fi lè di aṣọ ẹnikẹ́ni mú. Àkísà ni kẹ́ ẹ rọ sínú àpò, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ kì í mọ́ra bí ẹni ń rọ tìmùtìmù. Ẹ máa tú u tún kì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀já ọwọ́ tó gùn tó mítà mẹ́rin ààbọ̀ ni kẹ́ ẹ rà fún àgbàlagbà. Ẹ ki àtàǹpàkò bọ inú ojóbó rẹ̀, ẹ wé e mọ́ ọrùn-ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kẹ́ ẹ wé e mọ́ oríkèé ìkúùkù lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ gbà á láàárín àwọn ìka, kẹ́ ẹ wá fi ìyókù parí sí ọrùn-ọwọ́. Ẹ la ìka nígbà tẹ́ ẹ bá ń wé e, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀já á fún ọwọ́ yín pa tẹ́ ẹ bá dìkúùkù. Ìbọ̀wọ́ áúǹsì 12 tó fún àpò. Tẹ́ ẹ bá máa fi kan èèyàn, ẹ lo áúǹsì 16.

Oríkèé méjì àkọ́kọ́, ti ìka ìlábẹ̀ àti ti ìka àárín, ni kó kan nǹkan. Egungun tó wà lẹ́yìn ọmọńdinrín ni àwọn tí kò mọ ẹ̀ṣẹ́ kàn máa ń ṣẹ́, débi pé àwọn dókítà fi orúkọ ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́ pe irú egungun kíkán yẹn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun jẹ́ ti afẹ́fẹ́. Kò sí àpò, kò sí ariwo, ẹ ò ní jí ará ilé. Ráùndì kìíní, ẹsẹ̀ nìkan, ọwọ́ wà lẹ́rẹ̀kẹ́. Ìkejì, jáàbù nìkan, díẹ̀díẹ̀. Ìkẹta, jáàbù tẹ̀ lé ìgbésẹ̀, kẹ́ ẹ sì kúrò lójú kan lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá jù ú. Ìkẹrin, ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì. Ìkarùn-ún, ẹ parí gbogbo rẹ̀ sí ibi tí ọwọ́ máa ti di aṣọ mú, bí ẹni pé ènìyàn wà níwájú yín. Ẹ máa mí jáde nímú pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá mú èémí sínú á ti rẹ̀ kí ráùndì kejì tó tán. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ya fídíò ráùndì kan. Ẹ ò ní fẹ́ràn ohun tẹ́ ẹ máa rí.

Ọjọ́rú nìkan lẹ nílò ẹnì kejì. Ẹ mú ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán, ẹ jọ sọ̀rọ̀ nípa agbára kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀: kó dà bí ìgbà téèyàn ń kan ilẹ̀kùn ilé àna. Ẹ fi ìdáàbòbò eyín sẹ́nu bó ti wù kó rọra tó. Ráùndì kìíní, ẹ jọ máa fi jáàbù ta ara yín léjìká, ojú lẹ ń kọ́, kì í ṣe agbára. Ráùndì kejì, òun nìkan ló ń ju jáàbù, ẹ̀yin fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a kúrò tàbí kẹ́ ẹ fi orí yẹ̀ ẹ́. Ẹ má ṣíjú kúrò lára àyà rẹ̀. Ráùndì kẹta ló jẹ́ kí gbogbo wàhálà yìí lérè: ó ju jáàbù, ẹ gbá a kúrò, ẹ ju tiyín, ọwọ́ kan náà ṣí, ó di ọrùn aṣọ mú, ẹ wọlé bí uchikomi, ìyẹn ìdánrawò wíwọlé léraléra, ẹ má gbé e ṣánlẹ̀. Ìgbà mẹ́wàá, kẹ́ ẹ pààrọ̀ ipò. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ ti gbóná fún jùdò, ẹ ò tún nílò láti sáré yípo.

Mo máa ń gbádùn ráùndì kẹta yẹn ju gbogbo ọ̀sẹ̀ lọ.

Sátidé, àpò. Ráùndì méjì fún jáàbù, méjì fún ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì, méjì fún kẹ́ ẹ jù ú kẹ́ ẹ sì lọ gbá àpò mọ́ra bí ẹni di èèyàn mú, ọ̀kan tó kù fún ohun tó bá ń yọ yín lẹ́nu. Ẹ má gbìyànjú láti la àpò. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ tó ń dún “pá”, tí àpò kò sì mì lọ jìnnà, ẹ ti ń ṣe é bó ṣe yẹ. Tó bá ń fò lọ fò bọ̀, ẹ ń tì í ni, ẹ ò kàn án.

Ọ̀rọ̀ orí

Nínú ètò yìí, kò sí ìjà gidi tí wọ́n ń kan ara wọn lórí. Kò sí rárá. Wákàtí kan lọ́sẹ̀ kò tó fún èèyàn láti kọ́ bó ṣe máa gbèjà orí dé ibi tí irú ìjà bẹ́ẹ̀ á fi mọ́gbọ́n dání, a sì ní iṣẹ́ tá a fẹ́ fi ọpọlọ ṣe lọ́jọ́ Ajé. Lọ́dọ̀ àwọn amatọ̀, ẹni tí ẹ̀ṣẹ́ orí bá gbé ṣubú tí kò lè dìde, ó kéré tán 30 ọjọ́ ni kò ní jà, kò sì ní bá ẹnikẹ́ni dánra wò. Tí ẹ̀ṣẹ́ bá ṣèèṣì bà yín lórí lọ́jọ́ Ọjọ́rú, tí orí ń fọ́, tí ojú ń ṣú tàbí tí èébì ń gbé yín, ẹ má wọ orí ẹní jùdò lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ lọ rí dókítà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ

Ọ̀sẹ̀ kìíní àti èkejì, ẹ má fọwọ́ kan àpò. Ẹ fi afẹ́fẹ́ rọ́pò rẹ̀ ní Sátidé. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkarùn-ún, àpò wọlé, ṣùgbọ́n ìdajì agbára ni. Láti ìkẹfà, ẹnì kejì yín lọ́jọ́ Ọjọ́rú kò ní dúró lójú kan mọ́, á máa rìn, á máa yí. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ fi Sátidé kan lọ bá kóòṣì ẹ̀ṣẹ́ kan, ẹ san owó rẹ̀, kó wo ẹ̀ṣẹ́ méjì yín. Ẹni tó ń dá kọ́ kì í rí ẹ̀yìn ara rẹ̀.

Tí ìdíje jùdò bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ yọ Sátidé kúrò, ṣùgbọ́n ẹ má yọ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Lásìkò Ramadan, ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ Mùsùlùmí máa ń ṣe ráùndì méjì péré lẹ́yìn ìṣínu, ó sì tó o. Tẹ́ ẹ bá sì pa ọjọ́ kan jẹ nítorí iṣẹ́ tàbí nítorí òjò, ẹ má san án padà. Ẹni tó bá ní òun á fi Sátidé ṣe ti Ìṣẹ́gun àti ti Sátidé pọ̀ ni ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ máa ń tẹ̀.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ mi pé, mo gbé fídíò àkọ́kọ́ àti èyí tó gbẹ̀yìn lọ bá bàbá ní Yaba. Mo ti múra láti béèrè ẹ̀ṣẹ́ kẹta. Bàbá wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó dá a dúró níbì kan, ó fi ìka tọ́ka sí ọwọ́ òsì mi tó ń rọra sọ̀ kalẹ̀ kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́ bí jáàbù ṣe ń lọ. “Ẹ padà sí ọ̀sẹ̀ kẹta,” ló wí, ó sì dá fóònù mi padà fún mi.